Àpótí Ìmọ̀: Àlùfáà Tó Di Òǹkọ̀wé

Àwọn Parsi ni àtọmọdọ́mọ ẹlẹ́sìn Zarathustra tó ṣí kúrò ní Páṣíà lọ sí Íńdíà. Iná ń jó tọ̀sán-tòru nínú tẹ́ńpìlì wọn, àmọ́ Ọlọ́run tí wọ́n ń pè ní Ahura Mazda ni wọ́n ń sìn, kì í ṣe iná.

Ọmọ wọn ni Maneckji Dhalla (1875–1956), tí wọ́n bí ní Surat, tó dàgbà ní Karachi. Ní 1905 ó lọ kàwé ní Yunifásítì Columbia, New York. Ẹni tó di àṣà ẹ̀sìn wọn mú ṣinṣin ló lọ. Ẹni tó ń wádìí ló bọ̀. Síbẹ̀, ní 1909, wọ́n fi í joyè olórí àlùfáà àwọn Parsi ní Karachi!

Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ìwé ìtàn ẹ̀sìn wọn tó jáde ní 1938. Nígbà tó wá kan ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, èdè abínibí rẹ̀, Gujarati, ló fi kọ ọ́.