Ìbéèrè Kì í Ṣe Ìwádìí

"Mo ti wádìí ẹ̀ dáadáa." Gbólóhùn yìí kì í jìnnà sẹ́nu wa bí ọ̀rọ̀ ìwòsàn ìyanu tàbí agbára àràmàǹdà bá délẹ̀. Ẹ bi ẹni tó sọ ọ́ bó ṣe wádìí ẹ̀, ẹ ó gbọ́ pé ẹni méjì tọ́rọ̀ ṣojú wọn ló bi. Ìyẹn kì í ṣe ìwádìí. Ó bèèrè ni.

"Wá" àti "ìdí" ló para pọ̀ di "wádìí". Ìdí nìyí tí a fi ń kọ fáwẹ̀lì méjì sí ìparí rẹ̀: wádìí, ìwádìí, olùwádìí. "Ìwádi" tí àwọn kan ń kọ kò tọ̀nà. Ẹni tí kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀ kò tíì wádìí.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan láti Amẹ́ríkà. Ìtọ́jú kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ń ṣe, Therapeutic Touch ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í sábà fọwọ́ kan aláìsàn. Òkè ara rẹ̀ ni wọ́n ń na ọwọ́ sí, wọ́n ní agbára kan yí ara ènìyàn ká, ọwọ́ àwọn sì ń mọ̀ ọ́n. Àwọn aláìsàn jẹ́rìí pé ara tu àwọn.

Emily Rosa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gbé páálí dínà ojú, ó ní kí àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú náà ti ọwọ́ méjèèjì gba abẹ́ rẹ̀ jáde. Ó ju owó ẹyọ sókè láti yan ọwọ́ kan, ó na ọwọ́ tirẹ̀ sókè ọwọ́ náà láìfi kàn án, ó wá bi wọ́n pé èwo ni. Ẹni mọ́kànlélógún ló dán wò, ìgbà 280. Ìgbà 123 péré ni wọ́n gbà á. Ẹni tó kàn ń méfò yóò gba nǹkan bí 140. JAMA, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1998. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ má ṣe da "jẹ́rìí" pọ̀ mọ́ "wádìí". Aláìsàn tó jẹ́rìí kò parọ́. Ara lè tù ú lóòótọ́. Ohun tó fà á gan-an ni ẹ̀rí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ fún wa.

Àṣìlò kejì ni "aláìgbàgbọ́", tí a ń pe ẹni tó bá ní ká dán ọ̀rọ̀ wò. Aláìgbàgbọ́ ti kọ̀ ọ́ tán. Oníyèméjì ṣì ń retí ẹ̀rí. Ìgbà mẹ́wàá, ó kéré tán, ni Emily fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè láti fi agbára rẹ̀ hàn. Olùwádìí lorúkọ tó yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ ní ẹ gbọ́. Bí ẹ bá bèèrè, ẹ ní ẹ bèèrè. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ sọ pé ẹ wádìí, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa bí ẹ ṣe dán an wò.