Ẹ̀kọ́: Ọmọ-ẹ̀yìn Kristi Láàárín Ọ̀sẹ̀

Kíkà: Mátíù 6, 1-18, Lúùkù 19, 1-10



Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kò ṣòro láti mọ ẹni tí í ṣe Kristẹni: ó wọ aṣọ tó mọ́, ó sì jókòó níwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́fà ni ó kù, oko ọ̀pẹ, ìdí agbada gàrí àti ọjà Ikpinlè ni a sì ti ń lò wọ́n. Ta ni a jẹ́ ní ọjọ́ mẹ́fà wọ̀nyí?

Ohun mẹ́ta ni Olúwa wa fi kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀: ìtọrẹ àánú, àdúrà àti ààwẹ̀. Katikísìmù Ìjọ Kátólíìkì, tí ó jáde ní 1992, ṣàlàyé (nọ́mbà 1434) pé ààwẹ̀ ń tún àwa fúnra wa ṣe, àdúrà ń tún wa ṣe pẹ̀lú Ọlọ́run, ìtọrẹ sì ń tún wa ṣe pẹ̀lú ọmọnìkejì. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí a bá yọ ọ̀kan, ìkòkò yóò dojú dé.

1. Àdúrà. Àgbẹ̀ a máa sọ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun ráyè. Ṣùgbọ́n àdúrà Angelus, tí a ń gbà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kò gùn tó àkókò tí a fi ń pọ́n àdá. Ẹni tí ń bó ẹ̀gẹ́ lè fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, kí ó sì fi ẹnu ka Rósárì.

2. Ààwẹ̀. Òfin Ìjọ ní kí àwọn tí ó ti pé ọdún 18 gbààwẹ̀ ní Ọjọ́rú Eérú àti ní Ẹtì Mímọ́, títí wọn yóò fi wọ ọgọ́ta ọdún wọn. Kò di dandan fún aláìsàn. Ẹni tí ebi ti ń pa tẹ́lẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ burúkú tàbí ife sódàbì sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pẹ̀lú: oúnjẹ tí a kò jẹ, ta ni ó jẹ ẹ́? Bí owó rẹ̀ bá padà sínú àpò wa, a kàn ṣọ́ owó ná ni.

3. Ìtọrẹ. Níhìn-ín ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ aládùúgbò ń ṣàìsàn; a yá bàbá rẹ̀ lówó, a sì gba oko ọ̀pẹ rẹ̀ ṣe dógò. Lọ́dọọdún ni à ń kórè. Èso ti san gbèsè náà ní ìlọ́po-ìlọ́po, síbẹ̀ oko kò padà sọ́dọ̀ olóko. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbé apẹ̀rẹ̀ ọrẹ ńlá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ọrẹ ni?

Ẹ wo Sákéù. Ọ̀nà méjì ni ó pín ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí: ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún àwọn tálákà, ẹni tí ó rẹ́ jẹ, ó dá a padà fún un ní ìlọ́po mẹ́rin. Èkíní ni ìtọrẹ, èkejì ni ìdápadà. Èkíní kò lè rọ́pò èkejì, nítorí Katikísìmù (nọ́mbà 2412) ní kí a dá ohun tí a jí padà fún ẹni tí ó ni ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣùwọ̀n epo tí a fi ìdí rẹ̀ dù.

Ẹ má ṣe sọ pé àwọn àlùfáà nìkan ni èyí wà fún. Isidore Bakanja, ọmọ Kóńgò, jẹ́ òṣìṣẹ́ lásán. Ó ṣèrìbọmi ní 1906. Ó ń gbàdúrà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó kọ̀ láti bọ́ skapúlà ọrùn rẹ̀, ọ̀gá kan ní kí wọ́n nà án yánnayànna. Egbò náà ni ó pa á ní 1909, ṣùgbọ́n ó ti dárí ji ọ̀gá náà. Ní 1994, Pópù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì kéde rẹ̀ ní Alábùkún.

Ìbéèrè: Ta ni ọmọ-ẹ̀yìn Kristi?
Ìdáhùn: Ẹni tí ń tẹ̀lé e ní ṣọ́ọ̀ṣì, nílé, lóko àti lọ́jà.

Ìbéèrè: Ṣé ìtọrẹ lè pa gbèsè ìrẹ́jẹ rẹ́?
Ìdáhùn: Rárá. A ó kọ́kọ́ dá ohun olóhun padà.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí: Kí olúkúlùkù wo inú ilé rẹ̀ bóyá ohun olóhun wà níbẹ̀. Bí ó bá wà, kí ó dá a padà kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Olúwa, ìwọ tí o fi ọwọ́ rẹ ṣiṣẹ́ ní Násárétì, sọ ọwọ́ wa di mímọ́ lẹ́nu iṣẹ́ wa. Àmín.