Àròpọ̀ Igun Inú Àwòrán Onígun Púpọ̀

Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, láti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹ̀kọ́ nípa igun jẹ́ àpẹẹrẹ àǹfààní irú ètò bẹ́ẹ̀.

Bí olùkọ́ bá gé igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta páálí onígun mẹ́ta, tí ó tò wọ́n pọ̀, ìlà títọ́ ni wọn yóò dá: 180 dígírì. Ìlà kan láti igun sí igun pín onígun mẹ́rin sí onígun mẹ́ta méjì: 360. Onígun márùn-ún pín sí mẹ́ta: 540. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ yọ 2 kúrò nínú iye igun, kí ó fi 180 sọ ìyókù di púpọ̀.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ a fa ìlà méjì tí ó dábùú ara wọn nínú onígun mẹ́rin, yóò rí onígun mẹ́ta mẹ́rin, yóò sì pe àròpọ̀ rẹ̀ ní 720. Ṣùgbọ́n 360 tí ó yí ojú àárín ká kì í ṣe ti igun àwòrán náà. Yíyọ ni kí ó yọ ọ́.

Ọmọ tí ìdí ọ̀rọ̀ bá yé ní èdè ìyá rẹ̀ kò ní há òfin sórí lásán.