Kọ́lékọ́lé kan, kólékólé kan

Àmì kékeré ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ ló wà láàárín kọ́lékọ́lé àti kólékólé. Ẹni àkọ́kọ́ ń kọ́ ilé, ẹnì kejì ń kó o. Bí a bá yọ àmì yẹn kúrò, tí a sì yọ àmì ohùn kún un, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe nígbà tí a bá ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, kolekole nìkan ló kù. Olówó ilé tó wà lókè òkun ni yóò wá máa fi ojú inú wá èyí tí wọ́n ń bá a sọ.

Ká ní nọ́ọ̀sì kan wà ní Peckham, ní ìlú London, tó ń kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin sí Ìbàdàn. Ó jáde lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, ó ń dúró de bọ́ọ̀sì, fóònù dún. Bíríkìlà ló kọ̀wé: "E kaaro ma. Won ti ko bulooku yen o." Kí ni wọ́n ṣe sí búlọ́ọ̀kù? Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti kó o dé láti ibi tí wọ́n ti mọ ọ́n. Ó lè jẹ́ pé àwọn kan wá kó o lọ lóru. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ ṣẹ́ ọ̀kan lọ́wọ́, tó fọ́ yángá, ni wọ́n bá kọ̀ ọ́ pátápátá. Ọ̀rọ̀ ayọ̀, ọ̀rọ̀ ẹkún àti ọ̀rọ̀ ìjà, inú ko kan ṣoṣo ni wọ́n kó ara wọn jọ sí.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀sùn tí a lè fi kan bíríkìlà. Ohun tó wà lórí bọ́tìnnì fóònù rẹ̀ ló tẹ̀.

Èdè Yorùbá ní ọ̀nà tirẹ̀ láti sọ ẹni tó ni ilé. Nọ́ọ̀sì yìí kò po sìmẹ́ǹtì, kò ru iyanrìn, síbẹ̀ ó lè sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Mo ń kọ́lé sí Ìbàdàn." Kò purọ́. Ẹni tí owó ń jáde lápò rẹ̀ ni Yorùbá ń pè ní ẹni tó ń kọ́lé. Ẹni tó fi ọwọ́ to búlọ́ọ̀kù, ó bá a kọ́ ọ ni. Ẹ wo iṣẹ́ tí bá yẹn ń ṣe. Bí bíríkìlà bá wí pé, "Mo kọ́lé fún màmá mi l'Ọ́yọ̀ọ́," kò sí ẹni tó máa rò pé iṣẹ́ ọwọ́ lásán ló ń sọ. Owó rẹ̀ ló ná. Nítorí náà, "Òun ló ń bá mi kọ́ ọ" ló bọ́gbọ́n mu jù lẹ́nu ẹni tó ń fowó ránṣẹ́. "Òun ló ń kọ́lé fún mi" lè mú kí àwọn ará àdúgbò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà fún oore tí kò ṣe.

Orúkọ tí a ń pè é náà ń fẹ́ àtúnṣe. Lónìí, gbogbo ẹni tó bá ti di ṣíbí ìrẹ́lé mú ti di Ẹ̀ńjìníà. Ẹ̀ńjìníà gidi wà, àjọ COREN ló ń forúkọ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn ló sì ń ṣírò bí irin inú òpó ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Bíríkìlà ni orúkọ ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù, kò sì sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń pe bíríkìlà ní Ẹ̀ńjìníà láti Peckham lè gbàgbé pé òun kò tíì ní ẹ̀ńjìníà rárá.

Kí bíríkìlà tó wọ èdè wa láti inú Gẹ̀ẹ́sì, mọlémọlé ni ọ̀rọ̀ náà. Bíbélì Yorùbá ń pè é ní ọ̀mọ̀lé. Mọ ni ìdí ọ̀rọ̀ méjèèjì: à ń mọ ìkòkò, à ń mọ ògiri, nítorí amọ̀ ni a fi ń ṣe méjèèjì. Ìdí nìyí tí òwe fi sọ pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kò sí ẹni tó ń pa òwe náà pẹ̀lú kọ́. Lóde òní, ògiri ti bọ́ lọ́wọ́ mọ, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù ṣì wà níbẹ̀: a ṣì ń sọ pé wọ́n ń mọ búlọ́ọ̀kù.

 

Ògiri amọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún wa tó ń ṣe wá ní jàǹbá títí dòní. Mọlémọlé á mọ ipele kan yíká, á fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kó tó gun òmíràn lé e. Gbígbẹ ni agbára amọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni a gbé bọ inú iṣẹ́ kọnkéré: "Ẹ jẹ́ kó gbẹ." Kọnkéré kì í fi gbígbẹ le. Ó ń dì ni, omi ló sì fi ń dì. Bí oòrùn bá gba omi lára rẹ̀ kíákíá, yóò sán, kò sì ní lágbára tó bó ṣe yẹ. Ìdí nìyí tí bíríkìlà tó mọṣẹ́ fi máa ń da omi sí dẹ́kìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, tí àwọn ẹ̀ńjìníà sì ń fi ọjọ́ 28 ṣe òṣùwọ̀n agbára kọnkéré. Ẹni tó bá béèrè lórí fóònù pé, "Ṣé ó ti gbẹ?" ń béèrè ohun tí kò yẹ kó wù ú. "Ṣé ó ti dì? Ṣé ẹ ń bomi rin ín?" Ìbéèrè nìyẹn.

Ṣùgbọ́n níbi tí owó ti ń ṣòfò jù, kì í ṣe àwọn ọ̀rọ̀ ńlá wọ̀nyí. Ti, ń, fẹ́, kù àti tán ni.

Nọ́ọ̀sì wa béèrè pé: "Ṣé ẹ ti da dẹ́kìn?"

Èsì dé: "A ti ń dà á, Màmá."

Inú rẹ̀ dùn, ó fi owó tó kàn ránṣẹ́. Kò gbọ́ ń. "A ti dà á" túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ti kúrò nílẹ̀. "A ti ń dà á" túmọ̀ sí pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bó jẹ́ bárò kan ni wọ́n dà sójú kan tí òjò fi dé, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìró imú kan ṣoṣo ló jẹ́, ẹ̀rọ fóònù sì lè gbé e mì.

Fẹ́ tún burú ju ìyẹn lọ. "A fẹ́ parí rẹ̀": ìfẹ́ ọkàn ni, kò sí ẹni tí kò fẹ́ parí iṣẹ́. "A fẹ́rẹ̀ẹ́ parí rẹ̀": ó ti sún mọ́ òpin. Lẹ́nu ẹni tó ń yára sọ̀rọ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń di fẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, "a fe pari" ni méjèèjì ń jẹ́. Àlàfo tó wà láàárín ìfẹ́ ọkàn àti òpin iṣẹ́ lè tó odindi òrùlé.

Tán náà kò gbọdọ̀ sọnù. "Wọ́n ti to búlọ́ọ̀kù" kò sọ ibi tí wọ́n tò ó dé. "Wọ́n ti to búlọ́ọ̀kù tán" ló dé lẹ́ńtù. Bákan náà ni kù. "Ó kù díẹ̀" jẹ́ ìròyìn ayọ̀, ìwọ̀nba iṣẹ́ ló ṣẹ́ kù. "Ó kù díẹ̀ káàtó" jẹ́ ìbáwí, ohun tí wọ́n ṣe kò dára tó. Àwọn ọmọ wa kan tí wọ́n bí sókè òkun gbọ́ èkejì, wọ́n sì rò pé àkọ́kọ́ náà ni, pẹ̀lú gígùn díẹ̀.

Orúkọ nǹkan ni ó ń yọni nínú ọ̀fìn yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe. "Búlọ́ọ̀kù mélòó ló wà lórí ògiri báyìí? Àpò sìmẹ́ǹtì mélòó ló kù nínú ilé ìkẹ́rù?" Àpò kan jẹ́ 50 kìlógíráàmù, kíkà rẹ̀ kò ṣòro. Níbí ni a ti ń ṣi èló àti mélòó lò. Èló ni ti owó, mélòó ni ti iye nǹkan. Ẹni tó bá béèrè pé, "Mélòó ni sìmẹ́ǹtì?" nígbà tó jẹ́ owó ló fẹ́ mọ̀, lè gba èsì pé "Ogún," kó sì máa yọ̀ pé ọjà ti wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń fara pamọ́ sí ojú gbangba: wọ́n. Yorùbá kì í sábà sọ pé "a jí irin náà gbé" nígbà tí a kò bá mọ olè, a ó sọ pé, "Wọ́n ti jí i gbé." Wọ́n yẹn kò ní ojú, kò ní orúkọ. Ó dára fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Nínú ìròyìn iṣẹ́ ilé kíkọ́, a máa bo àṣírí: "Wọ́n ti yọ ọparun lábẹ́ dẹ́kìn." "Wọ́n ní kí a lo irin tó kéré." "Wọ́n ti ná owó yẹn sí ọ̀nà mìíràn." Ìbéèrè kan ló bá a mu, kì í ṣe ìbéèrè ìjà: "Ta ni wọ́n?" Ẹni tó béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ yóò gbọ́ orúkọ kan, tàbí kó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó gùn.

Bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ó tún kù ká mọ irú èyí tó jẹ́. Ọ̀rọ̀ iyì ni ọmọ onílẹ̀ jẹ́ níjọ́un: ọmọ ẹni tó ni ilẹ̀, tí àlejò gbọ́dọ̀ kí kó tó dáko. Lónìí, àwọn ọkùnrin tó ń gba owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn àti owó òrùlé lọ́wọ́ ẹni tó ti ra ilẹ̀ tán ló ń wá síni lọ́kàn. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àkóso gómìnà, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 2016 láti dáàbò bo ohun ìní àwọn èèyàn lọ́wọ́ ajagungbalẹ̀. Ajagungbalẹ̀ ló yẹ ká máa pe ẹni tó fi ipá wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Bí bíríkìlà bá ní, "Àwọn ọmọ onílẹ̀ dá iṣẹ́ dúró," ó lè jẹ́ ẹbí tó ta ilẹ̀, tí wọ́n ní ẹjọ́ gidi láti rò, ó sì lè jẹ́ jàǹdùkú àdúgbò. Àgbẹjọ́rò ni ti àkọ́kọ́, ọlọ́pàá ni ti èkejì.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà kò gbọdọ̀ dàpọ̀. Amọ̀, yẹ̀pẹ̀ àti iyanrìn kì í ṣe ohun kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi yẹ̀pẹ̀ pe gbogbo wọn. Ẹni tó bá ní kí wọ́n "já yẹ̀pẹ̀ típà mẹ́ta" yóò rí yẹ̀pẹ̀ pupa tí wọ́n fi ń kún inú ìpìlẹ̀, nígbà tó jẹ́ iyanrìn odò ló fẹ́ fún kọnkéré. Iyanrìn òkun sì tún yàtọ̀: iyọ̀ inú rẹ̀ a máa jẹ irin. Kí a sọ "iyanrìn odò" tán pátá, kí a má sọ "yẹ̀pẹ̀" kí a sì dákẹ́.

Ní ti fandéṣọ̀n àti ìpìlẹ̀, dẹ́kìn àti lẹ́ńtù, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ bẹ́ẹ̀. Kò sí èrè nínú kí akọ̀wé jókòó sílé máa hun ọ̀rọ̀ tuntun tí bíríkìlà kan kò ní sọ láéláé. Ohun tó ṣòro ni àwọn ọ̀rọ̀ kékeré tí gbogbo wa ti mọ̀ láti kékeré.

Àjò kò dùn kí onílé má relé. Nọ́ọ̀sì wa ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún oṣù Kejìlá, ó fẹ́ wá ṣílé. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù, fóònù dún lálẹ́: "Ma, aja ti ja o." Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ajá ti jà? Ajá ti já okùn? Ta ló ní ajá nínú ilé tí kò tíì sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀? Ó tẹ bọ́tìnnì, ó fi ohùn ránṣẹ́ padà: "Ẹ dákun, ẹ má kọ ọ́ mọ́. Ẹ fẹnu sọ ọ́." Ìṣẹ́jú kan kọjá kí ohùn bíríkìlà tó dé, ìró òjò wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá. Àjà pálọ̀ ni, òun ló já lulẹ̀. Ajá kan wà níbí lóòótọ́, abẹ́ típà ló sùn sí."