Igbe Òwìwí Kì Í Ṣe Ìròyìn Ikú

Kùtúbà Ọjọ́ Jímọ̀, Ketu, Kosofe

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá sánmà, tí ó sì fi òfurufú ṣe ọ̀nà fún gbogbo ohun tí ó ní ìyẹ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin níyànjú pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ẹni tí ó bá bẹ̀rù Rẹ̀ ní òtítọ́ kò ní bẹ̀rù ẹyẹ. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí nìyẹn.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń kírun ní mọ́sálásí yìí dúró dè wá lẹ́yìn ìrun Iṣái. Tòmátì ni ó ń tà ní ọjà Mile 12. Ó ní, "Aáfà, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan, kí n má baà ṣìwà hù." Ó ṣàlàyé pé láti ìgbà tí òun ti mú ìyá òun wá láti ilé ni òwìwí kan ti ń han lẹ́yìn ilé àwọn ní òròòru. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, ọkọ̀ tí ó ń kó ọjà rẹ̀ bọ̀ láti Òkè Ọya bàjẹ́ sójú ọ̀nà, tòmátì sì jẹrà. Ibà dá ọmọ rẹ̀ kékeré wólẹ̀. Ni ó bá lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí ó ń tẹ yanrìn, onítọ̀hún sì wí fún un pé ẹyẹ náà kò ṣẹ̀yìn ìyá àgbà tí ó wà nínú ilé. Nígbà tí arákùnrin yìí fi dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti sanwó ọkọ̀ tí yóò gbé ìyá rẹ̀ padà ní ọjọ́ Sátidé.

A kò bínú sí i, nítorí a rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a bi í: "Ṣé ẹ ti lọ wo ibi tí ẹyẹ náà ń gbé?" Ó ní òun kò lọ.

Ìwádìí ni ọ̀nà àwọn Ànábì

Nínú Sūrah An-Naml, Ọlọ́hun sọ fún wa pé Ànábì Sulaimon yẹ àwọn ẹyẹ wò, kò sì rí hudhud láàárín wọn. Ó ní òun yóò fi ìyà jẹ ẹ́ àfi bí ó bá mú àwíjàre tí ó yanjú wá. Nígbà tí hudhud dé, ó ròyìn ìlú Saba, àti ayaba kan tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń forí kanlẹ̀ fún oòrùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí nǹkan méjì nínú ìtàn yìí. Àkọ́kọ́, ohun tí ojú ẹyẹ náà rí ni ó sọ; kò sọ ohun tí ó pamọ́ sọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ìkejì, Ànábì Sulaimon, tí Ọlọ́hun fi èdè ẹyẹ mọ̀, kò gba ìròyìn náà bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn yóò wò ó bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́, ó sì fi ìwé rán ẹyẹ náà padà. Bí Ànábì tí ó gbọ́ èdè ẹyẹ bá ń ṣe ìwádìí kí ó tó dájọ́, kí ni àwa tí a kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú igbe òwìwí rí dìmú, tí a fi ń dá ìyá wa lẹ́bi?

Ní ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó wọ̀, àwa àti arákùnrin náà pẹ̀lú ọ̀dọ́ méjì lọ sí ilé àtijọ́ kan tí ó fẹ̀yìn ti ilé rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́. Lábẹ́ òrùlé, ọmọ òwìwí mẹ́ta ni a bá, funfun bí òwú, tí wọ́n ń mí bí ẹni tí ó ń hanrun. Ìṣù dúdú kéékèèké wà káàkiri ilẹ̀. Nígbà tí a fi igi tú ọ̀kan nínú wọn, irun eku àti egungun eku ni ó kún inú rẹ̀. Odindi ni òwìwí máa ń gbé eku mì, lẹ́yìn náà a pọ egungun àti irun tí inú rẹ̀ kò lè lọ̀ jáde.

Ẹyin òwìwí a máa tó nǹkan bí ọjọ́ 30 lábẹ́ ìyá rẹ̀ kí ó tó pa. Àwọn ọmọ tí a rí sì ti kúrò ní ọmọ ọjọ́ díẹ̀. Ìyá àgbà kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Ketu. Èyí ni pé òwìwí ti wà níbẹ̀ kí ìyá tó dé. Ìgbà tí ọmọ pa, tí òbí ń gbé oúnjẹ lọ gbé oúnjẹ bọ̀, tí ọmọ ń ké fún ebi, ni ariwo pọ̀ tí arákùnrin wa fi gbọ́ ọ.

Ohun tí òwìwí jẹ́

Ojú òwìwí ni ó kọ́kọ́ ń dẹ́rù bà wá: ó funfun, ó sì rí pẹrẹsẹ bí àwo. Ọlọ́hun dá ojú náà bẹ́ẹ̀ kí ó lè máa kó ìró jọ sí etí rẹ̀ ni. Etí kan ga ju èkejì lọ nínú orí rẹ̀, èyí sì ni ó fi ń mọ ibi tí eku wà gan-an nínú òkùnkùn biribiri. Etí ìyẹ́ rẹ̀ rọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í gbọ́ ìró fífò rẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ kò lè yí nínú orí bíi tiwa, nítorí náà ọrùn ni ó ń yí títí ojú rẹ̀ fi ń wo ẹ̀yìn. Gbogbo ohun tí a ń pè ní àmì àjẹ́ lára rẹ̀, irinṣẹ́ ọdẹ ni.

Kí ni ó wá ń wá ní àdúgbò wa? Ẹ wo àjẹkù ata, tòmátì àti iṣu tí a ń kó dà sẹ́yìn ọjà lójoojúmọ́. Níbi tí ìdọ̀tí bá wà, eku á wà. Níbi tí eku bá wà, òwìwí á wá. Irú eku kan ni ó ń gbé ibà Lassa, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno. Ẹni tí ó ń dín eku kù láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, òun ni a ń sọ ní òkò.

Ohun tí Ànábì wa sọ

Kí Ìsìláàmù tó dé, àwọn Lárúbáwá a máa lé ẹyẹ kí wọ́n tó rin ìrìn àjò. Bí ó bá fò gba ọ̀tún, wọ́n á lọ. Bí ó bá fò gba òsì, wọ́n á padà sílé. Láti ara orúkọ tí wọ́n ń pe ẹyẹ ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ náà ṭiyarah, èyí tí í ṣe fífi nǹkan ṣe àmì ibi. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi yé wa pé kò sí òtítọ́ nínú ṭiyarah, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú hāmah. Nínú àlàyé àwọn onímímọ̀, òwìwí wà lára ohun tí hāmah túmọ̀ sí. Nínú ìwé Abu Dawud, ó pe ṭiyarah ní ẹbọ. Nínú ìwé Muslim, ẹni tí ó bá lọ bi aríran léèrè ọ̀rọ̀, ìrun rẹ̀ kò ní jẹ́ gbígbà fún òru 40. Ẹ̀yin ará wa, ṣé òwìwí ni ó wá pa wá lára ni, tàbí ẹni tí ó tẹ yanrìn?

Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé tún sọ nípa àwọn ará Firiaona, tí wọ́n ń di ẹ̀bi ibi tí ó bá dé bá wọn ru Ànábì Musa. Ó sọ nínú Sūrah Yāsīn nípa ìlú kan tí ó pe àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ní abàmì ènìyàn. Àṣà àwọn aláìgbàgbọ́ ni pé kí nǹkan bàjẹ́, kí wọ́n sì wá ẹnì kan tí wọn yóò fi ẹ̀bi rẹ̀ lé lórí. Ní ilẹ̀ wa, arúgbó obìnrin ni ó sábà máa ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ Ọlọ́hun kò gbà fún wa kí á tilẹ̀ ṣe ṣíọ̀ sí òbí tí ó dàgbà lọ́dọ̀ wa.

Ìjọ ni àwọn ẹyẹ

Nínú Sūrah Al-Anʿām, Ọlọ́hun pe àwọn ẹyẹ ní ìjọ gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Nínú Sūrah An-Nūr, Ó sọ pé oníkálukú wọn ni ó mọ ìrun rẹ̀ àti àfọ̀mọ́ rẹ̀. Igbe tí a ń pè ní èpè, àfọ̀mọ́ ni.

Bí a bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ lára ẹyẹ, ẹ̀kọ́ wà. Ànábì wa sọ pé bí a bá gbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun bí ó ti yẹ, yóò pèsè fún wa bí ó ti ń pèsè fún ẹyẹ tí ó jáde ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ebi, tí ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú àyó. Ẹ wo lékeléke ní Kara lẹ́bàá odò Ògùn: ẹsẹ̀ màlúù ni ó ń tẹ̀ lé, kí ó lè ṣa kòkòrò tí màlúù bá ta jí. Ẹ wo akọ ẹ̀gà lórí igi àgbọn: ẹnu lásán ni ó fi ń hun ilé, bí abo kò bá sì fẹ́ ilé náà, a tú u, a tún òmíràn hun. Kò sí èyí tí ó jókòó máa retí nínú wọn.

Ẹ wo igún pẹ̀lú. Àwa tí a ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún rántí bí wọ́n ti ń wọ́ jọ sí ilé ìpẹran. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ̀ ọ́n àfi nínú òwe. Láti ọdún 2015 ni àwọn tí ń ṣọ́ ẹranko àgbáyé ti ka igún tiwa yìí mọ́ àwọn ẹyẹ tí ó súnmọ́ àtirun pátápátá. Orí rẹ̀ àti ìyẹ́ rẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń rà fún oògùn wà lára ohun tí ó fà á.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

1. Bí ọkàn rẹ bá fò nítorí igbe ẹyẹ, jẹ́wọ́ fún Ọlọ́hun pé oore kò ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn wá, kí o sì máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.
2. Bí ara ọmọ kò bá yá, ilé ìwòsàn ni kí á gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ atẹyanrìn.
3. Kí á kó ìdọ̀tí ẹ̀yìnkùlé wa kúrò. Bí eku bá dín kù, òwìwí yóò wá ibòmíràn lọ.
4. Kí á má ṣe kó ọmọ ẹyẹ nínú ìtẹ́. Ìtàn wà nínú ìwé Abu Dawud pé àwọn sàábé kó ọmọ ẹyẹ méjì lójú ìrìn àjò, ìyá wọn sì ń rà bàbà. Ànábì pàṣẹ pé kí wọ́n dá wọn padà fún un.
5. Kí ẹnikẹ́ni má ra ẹ̀yà ara igún tàbí ti òwìwí, kí ó má sì tà á.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ láti ilé àtijọ́ náà, a wọlé lọ kí ìyá àgbà. Wọ́n ti di ẹrù wọn sílẹ̀, nítorí wọ́n ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wọn, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. A ṣàlàyé ohun tí a rí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá wa a máa dúpẹ́ bí òwìwí bá ń ké nítòsí àká, pé eku kò ní jẹ àgbàdo tán." Ọmọ wọn dọ̀bálẹ̀, ó ń sunkún. Ọkọ̀ ọjọ́ Sátidé lọ láìgbé ìyá.

Kí Ọlọ́hun fọ ọkàn wa mọ́ kúrò nínú ẹbọ, kí Ó má jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa lé àánú jáde nínú ilé wa. Kí Ó kẹ́ àwọn òbí wa tí ó wà láàyè, kí Ó forí jin àwọn tí ó ti lọ. Àámíìn.

Orúkọ Ọlọ́hun wà nínú ìwé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jù ú sílẹ̀. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ fi fún ẹlòmíràn.