Àjàní, Ká Táwẹ̀lì Yẹn

Àjàní ọkọ mi, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. O tún fẹ́ pààrọ̀ àkòrí ìwádìí? Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé o! O ní iṣẹ́ ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì, bó ṣe máa di nǹkan mú, ti sú ọ. Èyí tó ń rìn bí èèyàn ló wá wù ọ́ báyìí. Ìwọ yìí, ojú rẹ kì í gbébì kan.

Ṣebí ìwọ lo fi fídíò hàn mí nígbà Kérésì? Ti Berkeley ní Kalifóníà, ọdún 2010, tí rọ́bọ́ọ̀tì PR2 ń ká táwẹ̀lì. Á mú ọ̀kan nínú òkìtì, á gbé e sókè, á máa yí i síwá sẹ́yìn bí oníbàárà tó ń wá ibi tó ya lára òkìrìkà. Igun ló ń fi kámẹ́rà wá. Mo ti ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ yá, àfìgbà tí o ní wọ́n ti mú fídíò náà yára ní ìlọ́po 50! Táwẹ̀lì kan ṣoṣo ń gbà á tó ìṣẹ́jú 24.

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Aránṣọ ni mí. Bí o bá gbé ife, ife náà ni. Bí o bá gbé aṣọ, ìrísí rẹ̀ ti yí padà kí o tó gbé e dé àyà. Ìka mi ló mọ ìyàtọ̀ ṣẹ́dà àti àǹkárá kí ojú tó rí i. Ta ló kọ́ ìka yẹn? Ohun tí àwọn tó ń ṣe ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì ń wá nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà Deep Blue tó na Kasparov, ọ̀gá ayò chess, lọ́dún 1997 ńkọ́? Pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n rẹ̀, kò lọ́wọ́; èèyàn ló jókòó tó ń bá a gbé ọmọ ayò!

Àwọn tó ń rìn ọ̀hún, ẹnu ilẹ̀kùn ni àwọn kan ń ṣubú sí nínú ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì ní Pomona, Kalifóníà, lọ́dún 2015. Wọ́n ti gbọ́n sí i látìgbà náà, mi ò jiyàn. Àwọn rọ́bọ́ọ̀tì kéékèèké 1,024 tí Yunifásítì Harvard kó jọ bí ìjàlọ lọ́dún 2014 náà dùn ún wò. Jẹ́ kí àwọn tó ni ín máa ṣe é.

Lọ bá ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ Ajé, sọ fún un pé ọwọ́ lo ń ṣe. Àmàlà wà nínú kúlà. Àmọ́ táwẹ̀lì tí o jù sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, lọ ká a kí o tó jẹun.