OWÓ IṢẸ́ LẸ́YÌN OMÍYALÉ

KÀ: Jeremáyà 22:13-17
ẸSẸ ÌRÁNTÍ: Deutarónómì 24:15

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ Jehoiakimu ọba nínú ẹ̀kọ́ kíkà wa? Ó kọ́ ilé aláyè gbígbòòrò, ó fi pákó kédárì bò ó, ó kùn ún ní ọ̀dà pupa, ṣùgbọ́n kò sanwó fún àwọn tó kọ́ ọ. Jòsáyà bàbá rẹ̀ náà jayé, ṣùgbọ́n kò jẹ tálákà níyà.

Ìdánwò yìí máa ń le jù lẹ́yìn àjálù. Ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà ní 29 oṣù Kẹjọ, 2005. Ní 8 oṣù Kẹsàn-án, Ààrẹ Bush dá òfin 1931 dúró ní àwọn agbègbè tí ìjì bà jẹ́, òfin tí kì í jẹ́ kí owó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìkọ́lé ìjọba àpapọ̀ kéré sí iye tí wọ́n ń san ládùúgbò. Wọ́n ní kí àtúnkọ́ má baà wọ́n ni. Àwọn ènìyàn figbe ta, òfin náà sì padà ní 8 oṣù Kọkànlá.

Má sọ pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìyẹn. Òjò 10 oṣù Keje, 2011 gba ẹ̀mí, ó sì ba ilé jẹ́ ní Èkó. Bí omi bá wọ ilé rẹ ní Agége tàbí ilé iṣẹ́ rẹ ní Ìkẹjà, ìwọ náà yóò wá lébìrà tí yóò kó ẹrẹ̀ àti bíríkìlà tí yóò tún ògiri mọ. Òfin owó oṣù tó kéré jù, tó di ₦70,000 ní 2024, kò kan ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run tó wà lọ́kàn rẹ ni ààbò alágbàṣe náà.

O lè ní, "Pásítọ̀, èmi náà pàdánù." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bóyá omi wọ yàrá tirẹ̀ ju tìrẹ lọ, owó ọjọ́ yẹn sì ni oúnjẹ alẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Má fi ebi rẹ̀ dúnàádúrà. Ẹ jọ fẹnu kò lórí iye kó tó gbé ṣọ́bìrì. San án kí oòrùn tó wọ̀. Bí o bá gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, wádìí bóyá owó dé ọwọ́ àwọn tó ṣe é. Má sì kó owó lébìrà wá fi ṣe ọrẹ ìdúpẹ́ pé omi kò gbé ọ lọ. Kọ́kọ́ san gbèsè rẹ̀.

IṢẸ́ ÒNÍ: Ta ni o jẹ lówó iṣẹ́? Pè é kí ilẹ̀ tó ṣú.

KÓKÓ ÀDÚRÀ
1. Bàbá, má ṣe jẹ́ kí igbe alágbàṣe kankan dìde sí mi níwájú Rẹ.
2. Olúwa, gbogbo ẹni tó ń ṣe làálàá láìgba owó ọ̀yà rẹ̀, gbèjà wọn, ní orúkọ Jésù. Àmín.